Bàbá Tó Ní Kí A Ti Ilẹ̀kùn

Ilẹ̀kùn náà wà ní títì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Bàbá arúgbó náà dúró níwájú máìkì, ó ń kọ orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọdé lẹ́kún. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì mọ́. Nígbà tó dé àárín orin, láìwo ẹnikẹ́ni lójú, ó ní, "Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn," ó sì bá orin rẹ̀ lọ bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan. Gbogbo wa yíjú síbẹ̀. Ilẹ̀kùn wà ní títì gbọn-in, kọ́kọ́rọ́ sì wà lára rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Orin kan náà, ibì kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà. Àwọn aláwàdà inú ilé kò jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó sọ ọ́ ní Bàbá Onílẹ̀kùn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ibi tí a wà. Ilé ọtí Màdáámù kò tóbi. Yàrá gígùn kan ni, tábìlì onígi kún inú rẹ̀, pèpéle kékeré kan sì wà lẹ́bàá ògiri. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo Ọjọ́bọ̀, bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, máìkì orí pèpéle náà di ti ẹni tó bá lè kọrin. Bíríkìlà á gbé gìtá rẹ̀ dé pẹ̀lú sìmẹ́ńtì léèékánná. Awakọ̀ kan á fọn fèrè. Èmi tí mo fi orin kíkọ́ni ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wọn ń pè ní Tíṣà, èmi ni mò ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún ẹni tí kò bá ní ohun èlò.

Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Kí o tó kọrin, ilé á pariwo bi ọ́ pé, "Ta ló kọ́ ọ?" O sì gbọ́dọ̀ dáhùn. Bó bá jẹ́ ìwọ lo dá a, wí bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ ló kọ́ ọ, dárúkọ rẹ̀. A kì í fi òfin yìí ṣeré, nítorí láàárín àwa olórin, olè orin burú ju olè àgbò lọ. Olè àgbò, ebi lè máa pa á.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bi bàbá náà, ó wo ilẹ̀.

"Ìyá mi ni," ló wí. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ."

"Ṣé imú ló fi kọ ọ́ ni, Bàbá?" Bíríkìlà ló sọ bẹ́ẹ̀, ilé sì hó fún ẹ̀rín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, bí àlejò tó fẹ́ kí wọ́n gba òun láyè.

Nǹkan mìíràn tún wà tí kò bá mi lára mu. Orí bàbá náà funfun báláú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti tẹ̀. Ó tó bí mi lọ́mọ. Síbẹ̀, "Màmá" ló ń pè mí. Á tẹrí ba, á fi ọwọ́ méjèèjì gba omi lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù mí lọ o." Ó kàn wo ọwọ́ mi, ó wò ó pẹ́, bí ẹni ń wo ilé tó gbé nígbà kékeré.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ Aránṣọ wàyí. Ìyàwó Wẹ́dà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń jó irin ládùúgbò wa, ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì kọjú sí ilé ọtí náà. Olóhùn iyọ̀ ni. Oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ bàjẹ́, ó sunkún débi tí a rò pé kò ní kọrin mọ́. Èyí tó wà nínú rẹ̀ lákòókò tí mò ń sọ yìí ti gbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú, kò lè jáde nílé wá sí ṣọ́ọ̀bù tàbí sọ́dọ̀ wa fún ìgbà díẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ tó padà wá, tí ọkọ rẹ̀ fà á lọ́wọ́ bí ẹni fa ìyàwó tuntun, Bàbá Onílẹ̀kùn ló wà níwájú máìkì.

Bí bàbá náà ṣe rí i, ó gbàgbé láti bẹ̀rẹ̀. Ilé ní láti pariwo kó tó rántí. Ó wá kọrin:

"Má sùn lọ jìnnà, má sùn kọjá ilé,
Orí ibùsùn yìí ni kí o dúró dè mí.
Bí o bá jí, pè mí..."

"Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn."

"...Bí n kò bá dáhùn, tún pè mí."

Ọwọ́ kan di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ Aránṣọ ni, ó tutù bí irin.

"Tíṣà," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "orin mi nìyẹn."

"Báwo?"

"Èmi ni mo dá a. Nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ rí, ọkọ mi gan-an kò gbọ́ ọ rí. Ẹni yìí nìkan ni mò ń kọ ọ́ fún." Ó gbé ọwọ́ kejì lé ikùn rẹ̀.

Wẹ́dà ti dìde. "Ẹ jẹ́ kí n lọ bá bàbá yẹn sọ̀rọ̀."

"Jókòó," ni mo wí. "O fẹ́ gbá àgbà lọ́rùn mú nítorí orin?"

Ó jókòó. Mo ti kọ́ ọ ní kíláàsì rí, ó ṣì mọ ohùn mi. Mo wá sọ fún wọn ohun tí a máa ṣe. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, Aránṣọ á gun orí pèpéle, á kọ orin rẹ̀ lójú gbogbo ilé, a ó sì gbà á sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Ohùn tó bá ti wọ inú ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí àríyànjiyàn pẹ́.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Aránṣọ jókòó lórí àga níwájú máìkì, nítorí ìdúró ti ni í lára. Wẹ́dà dúró ti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ náà bí ọlọ́pàá. Bàbá Onílẹ̀kùn wà nídìí fèrèsé.

"Ta ló kọ́ ọ?" ilé pariwo.

"Èmi ni mo dá a!" Bàbá náà ló wò bó ti ń sọ ọ́. Bàbá náà tẹrí ba fún un.

Wẹ́dà tẹ ẹ̀rọ. Aránṣọ bẹ̀rẹ̀. Ó kọ ọ́ bí ẹni tí kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ àfi òun àti ikùn rẹ̀. Ó dé "Bí o bá jí, pè mí," atẹ́gùn sì fi gbogbo agbára ti ilẹ̀kùn. Ó ṣí gbà! Òjò fọ́n wọlé sórí wáyà. Láìwo ẹnikẹ́ni lójú, Aránṣọ ní, "Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn," ó sì bá orin lọ: "Bí n kò bá dáhùn, tún pè mí."

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Bíríkìlà ń lu tábìlì. "Ó sín Bàbá jẹ! Áà, ọmọ yìí, o ò ṣeé bá jà!"

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Ọmọ tó bá kọ́ orin lẹ́nu ìyá rẹ̀, orin náà kì í dúró sójú kan. Lónìí ìyá gbàgbé ìlà kan, lọ́la ó fi orúkọ ewúrẹ́ aládùúgbò kún un. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá kọ́ ọ láti inú ẹ̀rọ, gbogbo ohun tó bá wà níbẹ̀ ló máa kọ́. Mo ní kíláàsì kan tí gbogbo wọn máa ń wúkọ́ papọ̀ ní ìlà kẹta, nítorí ẹni tó kọrin sínú kásẹ́ẹ̀tì wọn wúkọ́ níbẹ̀. Wọ́n rò pé ikọ́ náà wà lára orin. Mo lu tábìlì títí, wọn kò yéé wúkọ́.

Nítorí náà mo mọ ohun tí mo gbọ́. Bàbá arúgbó yìí kọ́ orin rẹ̀ láti inú ohùn tí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbà, èyí tí ìka Wẹ́dà kò tíì kúrò lórí rẹ̀. Ta ló sì máa ń kọ́ orin ìyá rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ nìkan?

Nígbà tí mo wo ìdí fèrèsé, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìta ni mo ti bá a, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo òjò.

"Bàbá, ta ni ìyá yín?"

"Ẹ ti mọ̀, Màmá."

Mo di òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú. "Kí ló ṣe é?"

"Ẹ̀jẹ̀ ló gbé e lọ, lọ́jọ́ tó bí mi. Ilé agbẹ̀bí kékeré ni. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀..." Ó mi orí. "Ẹ̀yin lẹ tọ́jú ohùn rẹ̀ fún mi. Ẹ máa ń gbé mi lé ẹsẹ̀, ẹ ó tẹ ẹ̀rọ náà, ẹ ó sì máa fi ìka lù mí lẹ́yìn pẹ́pẹ́ bó ṣe ń kọrin."

"Kí lẹ wá ń kọ ọ́ fún wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sí?"

"Òun ló ní kí n máa pe òun. Bí kò bá dáhùn, kí n tún pè." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. N kò rí ẹnu rẹ̀ rí nígbà tó ń kọ ọ́. Mo ti rí i báyìí."

Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rò ó tán. "Bí a bá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ńkọ́? Níbi tí dókítà wà, tí ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀?"

Ó yíjú sí mi.

"Bó bá yè, Màmá, n kò ní wá síbí. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ wà nílé, kí ló ń wá kiri?"

"Ẹ̀yin wá ńkọ́? Kí ló máa ṣe yín?"

"Èmi ti pẹ́ láyé." Ó rẹ́rìn-ín, mo sì rí i nígbà náà pé ẹ̀rín Wẹ́dà ni, àní pẹ̀lú bí ètè ṣe máa ń fà sápá kan. "Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù." Ó tẹrí ba fún mi, ó sì bọ́ sínú òjò. Mo wò ó títí dé kọ́nà. Aṣọ rẹ̀ kò tutù.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá Aránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù, ọkọ rẹ̀ náà wà níbẹ̀.

"Tíṣà, agbẹ̀bí mi mọ̀ mí," ló wí. "Ó máa ń bá mi ṣeré. Ilé ìwòsàn ńlá yẹn, wọ́n á kàn máa jágbe mọ́ èèyàn."

"Jẹ́ kí wọ́n jágbe. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀."

Ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Ṣé ẹ lá àlá ni?"

"Ká sọ pé mo lá a."

Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó fẹ́ kó gbèjà òun. Wẹ́dà na ọwọ́ sókè. "Má wò mí. Ẹni tó fi pàṣán kọ́ mi ní dò-rè-mí, bó bá ní kí n fò, màá fò ná kí n tó béèrè."

Bí ẹ̀rín ṣe pa á nìyẹn, ó sì gbà.

Òwúrọ̀ ni ọmọ dé, oòrùn ń ràn wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà. A gbọ́ igbe rẹ̀. Wẹ́dà fò sókè, ó dì mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré. Nọ́ọ̀sì kan kọjá lára wa pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, òmíràn tẹ̀ lé e. Wẹ́dà ká ọwọ́ lérí. Mo jókòó tì í, n kò lè gbàdúrà, àfi orúkọ Aránṣọ tí mò ń pè nínú ikùn mi.

Nígbà tí dókítà jáde, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri kó tó sọ̀rọ̀. "Ó yè," ló wí. "Ẹ ṣeun tí ẹ gbé e wá síbí."

Wẹ́dà dojú bolẹ̀, ó ń sunkún. Mo fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. "Bàbá Onílẹ̀kùn la máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó gbójú sókè. "Bàbá wo?"

Mo rò pé ìdààmú ló fà á. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀, mo bi Bíríkìlà. Mo bi Màdáámù. "Bàbá onílẹ̀kùn bí ti báwo, Tíṣà? Ta ló fẹ́ ta ilẹ̀kùn fún yín?" Wọ́n ní Aránṣọ kàn fẹ́ kọrin kan sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó rántí arúgbó kankan. Àga ìdí fèrèsé náà wà níbẹ̀, ẹlòmíràn sì ti jókòó lé e.

Mo lọ kí wọn nílé nígbà tí ara Aránṣọ mókun. Ó gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́. Ọmọ náà lajú, ó wò mí bí wọ́n ṣe ń wo àlejò, ó sì yí orí padà síbi tí ohùn ìyá rẹ̀ ti ń wá. Omi bọ́ lójú mi kí n tó mọ̀.

"Háà, Tíṣà! Kí ló dé?"

"Mo ń dárò ẹnì kan ni."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé mo mọ̀ ọ́n?"

"O ò mọ̀ ọ́n."

"Ṣé àgbà ni?"

"Àgbà ni. Orí rẹ̀ ti funfun."

Ó mí kanlẹ̀, ara tù ú nítorí mi. "Ẹ dúpẹ́ nígbà náà. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí tèmi yìí náà dàgbà tó bẹ́ẹ̀."

Mo wo ọmọ tó wà lọ́wọ́ mi.

"Àmín," ni mo wí.