Nọ́ńbà Tó Wà Lára Ṣọ́lé

Ẹyìn ti ń hó lórí iná ní Lagbé kí Delphine tó fura pé Ṣọ́lé, ajá rẹ̀, kò tíì wá jẹun. Ó pè é títí, kò gbúròó rẹ̀. Nígbà tó dé ẹ̀yìnkùlé, okùn ajá náà ló bá nílẹ̀. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé e.

"Ajá lásán ni," Raphaël ọkọ rẹ̀ wí. "Wá òmíràn."

"Ajá tó lé olè nílé yìí lẹ́ẹ̀mejì lẹ ń pè ní lásán? Mo máa rí i!"

Lọ́jọ́ kẹta, ó rí i lóòótọ́, lọ́jà Ìfọ̀nyìn, nínú àgò irin lẹ́yìn mọ́tò Dáhùnsí tó ń ṣòwò ajá.

"Ajá mi nìyẹn."

Dáhùnsí rẹ́rìn-ín. "Madame, ajá pupa kún ayé. Èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà."

"Ẹ ò rí i bó ṣe ń ju ìrù sí mi?"

"Ajá wo ni kì í ju ìrù?"

Àwọn èrò ọjà bú sẹ́rìn-ín. Delphine jókòó sílẹ̀ gbàgà níwájú mọ́tò náà. "Àfi tí ẹ bá gun orí mi kọjá."

Ó pe Raïssa, dókítà ẹran ní Tchaada. Ẹlòmíràn pe ọlọ́pàá. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi dé.

"Píìsì wà lára rẹ̀," Delphine sọ fún ọlọ́pàá náà.

"Píìsì? Ti tẹlifóònù?"

"Rárá o, chef," Raïssa dáhùn. "Kò ju hóró ìrẹsì lọ. Abẹ́rẹ́ la fi ń tì í sábẹ́ awọ, láàárín èjìká. Kì í sọ ibi tí ajá wà. Nọ́ńbà ló wà nínú rẹ̀, a sì ti kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ajá. Wọ́n lè gé okùn, ṣùgbọ́n èyí ń bá ajá kú ni."

Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan kọjá lẹ́yìn Ṣọ́lé. Ẹ̀rọ náà ké, nọ́ńbà sì yọ. Ọlọ́pàá fi í wé èyí tó wà nínú ìwé tí Delphine mú wá. Kò sí èyí tó yàtọ̀.

"Mo... mo rà á lọ́wọ́ ẹnì kan ni," Dáhùnsí wí.

"Ṣebí ìwọ lo tọ́ ọ dàgbà?" Ọlọ́pàá bá mú un.

Raïssa gbé ẹ̀rọ sára ajá dúdú kan tó kù nínú àgò. Ẹ̀rọ náà kò ké: kò sí píìsì lára rẹ̀. Baba Olúwaṣọ̀gá láti Daagbé sún mọ́ ọn: "Tèmi ni." Gracia, ìyá ọmọ kan, fò jáde: "Irọ́ ni, bàbá! Èmi ni mo ni ín!" Àwọn méjèèjì ń pe ajá náà, omijé ń bọ́ lójú wọn. Ó ti rẹ ajá náà, kò gbórí sókè.

"Ta ni kí n gbé e fún?" ọlọ́pàá béèrè. Ẹ̀rí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó gbé e lọ sí àgọ́.

Delphine fa Ṣọ́lé mọ́ra, ó kọjú sí èrò ọjà. "Ẹ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo jókòó. Ó yá, ẹ tún rín in!"

Ẹ̀yin tí ẹ ní ajá tàbí ológbò, ẹ má dúró di ọjọ́ tí olè bá dé. Ẹ gbé e tọ dókítà ẹran lọ, ẹ béèrè píìsì. Ẹ rí i pé orúkọ àti nọ́ńbà tẹlifóònù yín wọ ìwé. Bí ẹ bá sì pààrọ̀ nọ́ńbà tẹlifóònù, ẹ lọ sọ fún dókítà náà. Ẹkún kì í ṣe ẹ̀rí. Baba Olúwaṣọ̀gá sunkún lójú gbogbo ọjà, síbẹ̀ òun nìkan, láìsí ajá, ló rìn padà sí Daagbé.