Ẹni Tó Ní Ó Kù Díẹ̀

Màmá Aránṣọ ń kó àwọn aṣọ tí kò tíì rán tán kúrò lórí àga kí àwọn èèyàn lè ráyè jókòó. Nígbà tí ẹgbẹ́ abánirọbí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àga inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wọn jókòó, ó tilẹ̀ ń ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Sátidé yìí, àwọn kan fún ara wọn mọ́ orí bẹ́ǹṣì, àwọn kan fara ti ògiri, ẹnì kan sì fìdí lé etí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ.

"Rọra o, sísọ́ọ̀sì mi wà níbẹ̀ yẹn," ni Màmá Aránṣọ wí fún un. "Aṣọ ni mo mọ̀ ọ́n rán, mi ò mọ ìdí rán."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹni tó kéré jù láàárín wọn, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánwò àṣejáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ló rẹ́rìn-ín pẹ́ jù. Àbúrò ni gbogbo ẹgbẹ́ ń pè é. Ó fẹ́ di nọ́ọ̀sì, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé òun wá ṣeré.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ gbọ́," ni Màmá Aránṣọ wí. "Agbẹ̀bí ló ń gbẹ̀bí. Àwa, ńṣe là ń bá obìnrin tó ń rọbí jókòó. A ó fún un lómi, a ó bá a fọwọ́ ra ẹ̀yìn, a ó dì í mú tó bá fẹ́ rìn. Gbólóhùn kan sì wà tí mi ò fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú yàrá ìrọbí: 'Ó kù díẹ̀.'"

Àbúrò fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ta ni kì í sọ pé ó kù díẹ̀? Ìyá tirẹ̀ ń sọ ọ́ fún gbogbo ọmọ ilé nígbà tí omi oúnjẹ kò tíì hó pàápàá.

Nígbà tó délé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ mẹkáníìkì, ń fọ epo kúrò lọ́wọ́ lẹ́yìnkùlé.

"Agbẹ̀bí tí kì í gbẹ̀bí, ẹ káàbọ̀," ló wí. "Ẹ kú iṣẹ́ ìjókòó o. Ṣé ìdí ò dùn yín?"

"Máa rẹ́rìn-ín lọ, Bọ̀dá mi."

"Ó di dandan kí n rẹ́rìn-ín. Èmi tú ẹ́ńjìnnì lónìí, mo sì tò ó padà. Ìwọ ńkọ́, kí lo ṣe?"

Àbúrò wọlé lọ. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ju bó ṣe jẹ́ kó hàn lọ.

Aboyún àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí Àbúrò bá jókòó ni olùkọ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ládùúgbò wọn. Gbogbo èèyàn ń pè é ní Àǹtí. Oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí. Ìyá rẹ̀ ti kú, ọkọ rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù sì wà lójú ọ̀nà jíjìn. Òun fúnra rẹ̀ ló wá bẹ Màmá Aránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n má jẹ́ kí òun dá nìkan rọbí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìrọbí mú un, Màmá Aránṣọ àti Àbúrò wà pẹ̀lú rẹ̀ ní ilé ìgbẹ̀bí. Yàrá náà kéré, ó mọ́, ó ní bẹ́ẹ̀dì kan àti fèrèsé tó kọjú sí àgbàlá tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Nígbà tó di ọ̀sán, Màmá Aránṣọ jáde sí àgbàlá láti fi fóònù wá ọkọ Àǹtí, nítorí ìpè kì í wọlé dáadáa nínú yàrá. Agbẹ̀bí wà nínú yàrá kejì. Ó wá ku Àbúrò àti Àǹtí.

Ìrora kan mú Àǹtí, ó sì fi í sílẹ̀. Ó yíjú sí Àbúrò.

"Ṣé ó ti fẹ́ dé?"

Àbúrò wo ikùn Àǹtí bí ẹni pé wọ́n kọ ìdáhùn síbẹ̀. Kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí i lọ́kàn, ó sì wù ú kí ó jẹ́ ẹni tó mọ nǹkan.

"Ó kù díẹ̀, Àǹtí," ló wí. "Ó kù díẹ̀ gan-an."

Ojú Àǹtí tàn. Nígbà tí ìrora mìíràn dé, ó di bẹ́ẹ̀dì mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo agbára rẹ̀ ti ọmọ. Inú Àbúrò dùn pé ọ̀rọ̀ òun ṣiṣẹ́. Ó tún un sọ. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àǹtí ń tì, òógùn bò ó, títí agbẹ̀bí fi gbọ́ ìró náà tó sì wọlé.

"Kí lẹ ń ṣe? Ẹ má tì í. Ẹ kàn máa mí." Ó wẹ ọwọ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì mi orí. "Ọ̀nà ò tíì ṣí tó. Ó ṣì jìnnà, Àǹtí."

"Wọ́n ní ó kù díẹ̀," ni Àǹtí wí. Ohùn rẹ̀ wá dà bíi ti àwọn ọmọ kékeré tó ń kọ́.

"Ta ló ní ó kù díẹ̀?"

Àǹtí kò nawọ́ sí ẹnikẹ́ni. Àbúrò mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà lè tán síbẹ̀.

"Èmi ni, mà."

"Ṣé o yẹ̀ ẹ́ wò ni?"

"Rárá, mà."

Agbẹ̀bí kò jágbe mọ́ ọn. Ó kàn na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. "Lọ dúró níta ná."

Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Àbúrò ti ń gbọ́ Àǹtí. Ó ní òun ò lè ṣe é mọ́. Ó ní kí wọ́n la inú òun kí wọ́n gbé ọmọ náà jáde. Láìpẹ́, agbẹ̀bí jáde wá bá Màmá Aránṣọ tó ń bọ̀ láti àgbàlá.

"Ara rẹ̀ le, ọmọ inú rẹ̀ náà ń ṣe dáadáa," ló wí. "Ọkàn rẹ̀ ló ti rẹ̀wẹ̀sì. Ó ti lo agbára tó yẹ kó fi pa mọ́. Kò fẹ́ dìde, kò fẹ́ mumi. Bó bá ń bá a lọ báyìí, màá ní láti gbé e lọ sí ọsibítù ńlá."

Nígbà tí agbẹ̀bí padà wọlé, Àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Mo fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni, Màmá."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀." Màmá Aránṣọ jókòó tì í. "Ó sì balẹ̀. Ìgbà tí kò rí ohun tó o ṣèlérí fún un ló tó rẹ̀wẹ̀sì."

"Ṣé kí n máa lọ sílé?"

"Bó o bá fẹ́, máa lọ. Màá wọlé lọ bá a jókòó. Ṣùgbọ́n èmi ò lè bá ọ gba ọ̀rọ̀ rẹ padà. Ẹnu rẹ ló ti jáde."

Àbúrò fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fà á lọ síta, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní bi í ní nǹkan kan. Ó dìde, ó sì kan ilẹ̀kùn yàrá.

Àǹtí kọjú sí ògiri.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ nígbà tí mo sọ̀rọ̀ yẹn. Títí di ìsinsìnyí, mi ò mọ̀."

Ìrora kan dé, ó lọ. Lẹ́yìn náà, láìyíjú padà, Àǹtí ní, "Kí wá lo mọ̀?"

Àbúrò ronú dáadáa kó tó fèsì. "Mo mọ̀ pé omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wà nínú fúláàsì. Mo mọ ibi tó ń dùn yín lẹ́yìn, torí ẹ ti fi hàn mí láàárọ̀. Mo sì mọ̀ pé mi ò níbi tí mò ń lọ."

Àǹtí na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fi kan ìbàdí rẹ̀. "Ibí yìí ni. Fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kó le."

Bí wọ́n ṣe tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó mumi. Nígbà tó yá, ó gbà kí wọ́n gbé òun dìde, Màmá Aránṣọ dì í mú lápá kan, Àbúrò dì í mú lápá kejì, wọ́n sì ń rìn láti bẹ́ẹ̀dì dé ojú fèrèsé. Bó bá bèèrè bóyá ọmọ ti fẹ́ dé, Àbúrò á ní, "Mi ò mọ̀, ẹ jẹ́ ká bi agbẹ̀bí." Bí agbẹ̀bí bá ní ó ṣì kù, Àǹtí á kùn, á sì tún gbẹ́sẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí agbẹ̀bí yẹ̀ ẹ́ wò tó sì ní, "Ó yá, ẹ tì í báyìí." Àǹtí rí agbára tó fi tì í.

Ọmọbìnrin ni. Agbẹ̀bí ń nù ún lórí tábìlì, Àǹtí kò sì lè rí i dáadáa láti ibi tó dùbúlẹ̀ sí. Màmá Aránṣọ ti la ẹnu láti yin ọmọ náà, ṣùgbọ́n Àǹtí gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ jẹ́ kí Àbúrò sọ. Báwo ló ṣe rí?"

Àbúrò sún mọ́ ọn, ó sì wò ó. "Orí rẹ̀ gùn díẹ̀, Àǹtí. Ojú rẹ̀ wú bíi ti ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tínú sì ń bí. Ṣùgbọ́n ó ń mí dáadáa, ó sì di ìka mi mú."

"Orí yẹn á padà sípò," ni agbẹ̀bí wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo gbà ọ́ gbọ́," ló wí. "Gbé e wá fún mi."

Ọ̀pọ̀ wa ni kì í fẹ́ sọ pé a kò mọ nǹkan, pàápàá nígbà tí a ṣì kéré tí a sì fẹ́ kí àwọn àgbà kà wá sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú ìrora ń gbé ara lé ọ̀rọ̀ tí a bá sọ fún un. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ irọ́, bó ti wù kó dùn tó, òun ni yóò ṣubú, kì í ṣe àwa. Sọ ohun tó o mọ̀. Èyí tí o kò mọ̀, gbà pé o kò mọ̀ ọ́n, kí o sì dúró ti ẹni náà.