Ọ̀nà Tó Gba Pàkátà Kọjá

"Tún un sọ kí n gbọ́," Ràúdátù wí nínú takisí tó ń gbé wọn lọ sí àdúgbò Pàkátà ní Ìlọrin. "Kí ni orúkọ bàbá tó bí bàbá rẹ?"

"Jímọ́ọ̀." Ohùn Àyànfẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde.

"Níbo ló lọ?"

"Kùmásí. Ibẹ̀ ló kú sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá mi sí."

"O ti yege. Tí Bàbá bá ti fọwọ́ sí ìwé náà, ó parí nìyẹn."

Ọdún 1992 ni. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Tanke ni Àyànfẹ́ àti ìyá rẹ̀ ń gbé, níbi tí ìyá náà ti ń rán aṣọ ilé ìwé fún àwọn ọmọ àdúgbò. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, ará Ìkirè, ibà ló sì pa á nígbà tí Àyànfẹ́ wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà kú, nọ́ọ̀sì kan di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi dákẹ́. Láti ọjọ́ náà ni Àyànfẹ́ ti mọ iṣẹ́ tí òun fẹ́ ṣe.

Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí ó gba fọ́ọ̀mù rẹ̀ ń béèrè ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ mú. Bí àyè bá ṣẹ́ kù, wọn yóò wá wo àwọn yòókù. Ìlọrin ni wọ́n bí Àyànfẹ́ sí, kò sì mọ ìlú mìíràn, síbẹ̀ ọmọ Ìkirè ni wọ́n ń pè é. Ràúdátù ló ronú ọgbọ́n yìí, pé kí Àyànfẹ́ pe ara rẹ̀ ní ọmọ ilé wọn. Bàbá rẹ̀ àgbà, Àáfà Abdulraheem, ni olórí agboolé wọn, ẹnu bàbá náà sì tó láti sọ ẹni tó jẹ́ ọmọ ilé àti ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilé.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti bá bàbá náà lórí ẹní, ó ń tún tẹ̀súbáà rẹ̀ tó já sín. Ó ní kí wọ́n gbé wàrà wá fún àwọn àlejò òun. Ràúdátù kò jẹ́ kí wàrà dé tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ẹ wo ọ̀rẹ́ mi yìí dáadáa. Ọmọ-ọmọ Jímọ́ọ̀ ni, àbúrò yín tó lọ sí Kùmásí."

Tẹ̀súbáà bọ́ lọ́wọ́ bàbá náà. Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ fọ́n ká orí ẹní, kò sì wò wọ́n. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó fi di ojú Àyànfẹ́ mú.

"Àádọ́ta ọdún," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń retí ìró Jímọ́ọ̀. Imú rẹ̀ rèé. Ẹ wá wò ó, imú Jímọ́ọ̀ nìyí." Omijé ń gba ojú rẹ̀ bọ́ sínú irùngbọ̀n funfun.

Àyànfẹ́ ti múra sílẹ̀ fún ìbéèrè. Kò múra sílẹ̀ fún omijé. Ó rò ó pé bàbá yìí yóò kó gbogbo ilé jọ, wọn yóò máa yọ̀ lórí ohun tí kò sí. Ó sì rò nípa bàbá tirẹ̀, tí òun fẹ́ sẹ́ nítorí bébà kan. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Irọ́ ni. N kò mọ Jímọ́ọ̀. Josiah Oyèdélé ni bàbá mi, káfíńtà ni, ará Ìkirè. Ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ni mo ń wá."

Ràúdátù sọ orí kọ́. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Àyànfẹ́ sì ń bá a ṣà á.

"Ó dùn mí," bàbá náà wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n ìbá dùn mí ju báyìí lọ bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn lọ́dún tó ń bọ̀. N kò ní fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ wàrà yín kí ẹ tó lọ."

Nígbà tí wọ́n lẹ orúkọ àwọn tí wọ́n pè fún ìdánwò ẹnu jáde, Àyànfẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ràúdátù rí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni wọ̀ ní tirẹ̀. Àyànfẹ́ wà nílé, ó ń bá ìyá rẹ̀ rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ ilé ìwé. Bí wọ́n bá gbàdúrà tán ní ṣọ́ọ̀ṣì, ètè rẹ̀ a ṣí, àmín kò ní jáde.

"Màámi," ó wí lọ́jọ́ kan, "mo sọ òótọ́. Kí ni Ọlọ́run wá fi ṣe fún mi?"

Ìyá rẹ̀ kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ṣé o rí gbòǹgbò igi rí nígbà tó ń mu omi? Ewé nìkan la máa ń rí. Ọlọ́run ń ṣe nǹkan, Àyànfẹ́ mi. N kò mọ ohun tó ń ṣe. Èmi náà ń retí rẹ̀ bíi tìẹ. Bọ́tìnnì yẹn wọ́."

Àyànfẹ́ rẹ́rìn-ín láìfẹ́, ó tú bọ́tìnnì náà.

Oṣù kejì lẹ́yìn èyí, Ràúdátù yọ sí wọn lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Ó ní omi gbígbóná inú bútà tí bàbá àgbà òun fẹ́ fi ṣàlùwàlá ti dà sí bàbá náà lẹ́sẹ̀. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí, Sìsítà Ládi, ń wá wò ó ní gbogbo ọjọ́ Wẹ́sìdeè, ṣùgbọ́n ó ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wẹ egbò náà lójoojúmọ́.

"Kí ló dé tí o kò fi wẹ̀ ẹ́?" Àyànfẹ́ bi í.

"Mo gbìyànjú. Èmi ni wọ́n gbé dìde nílẹ̀. Bàbá wá ní kí n lọ pe ọmọ tó sòótọ́ yẹn wá."

Ojú ti Àyànfẹ́ láti padà sí ilé náà, ó sì tún ń wù ú láti lọ. Ìyá rẹ̀ ló gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Lọ. Bọ́tìnnì yóò dúró dè ọ́."

Sìsítà Ládi kọ́ ọ bí a ṣe ń fọ ọwọ́ títí dé ìgúnpá, bí a ṣe ń se omi iyọ̀ kí ó tutù, bí a ṣe ń tú báńdéèjì láìjẹ́ kí ó fa awọ ara ya. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Àyànfẹ́ wo egbò náà pẹ̀lú ìríra, ó fẹ́ sá jáde. Bàbá Àáfà ló bẹ̀rẹ̀ àwàdà.

"Má wo egbò náà bẹ́ẹ̀, ojú ń tì í."

Ẹ̀rín lé ìríra lọ. Láti ọjọ́ náà, bí egbò bá ń ta bàbá náà, ìtàn ló máa ń sọ. Àyànfẹ́ mọ̀ pé bí ẹ̀rín ìtàn bá ti ń pọ̀ jù, ìrora ló pọ̀, a sì dẹ ọwọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí kò bá sí ìtàn, a bi í léèrè nípa Jímọ́ọ̀, bàbá náà a sì sọ bí àbúrò òun ṣe máa ń gun igi máńgòrò nígbà èwe wọn. Bí ó ṣe ń lọ lójoojúmọ́ nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Kò tilẹ̀ mọ ọjọ́ tí àmín tún jáde lẹ́nu òun ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní Wẹ́sìdeè kan, Sìsítà Ládi tú báńdéèjì, ó yẹ ẹsẹ̀ náà wò, ó sì yíjú sí Àyànfẹ́. "Ta ló kọ́ ọ kí n tó dé?"

"Kò sí ẹnì kankan, Sìsítà. Ẹ̀yin ni."

"Ilé ìwòsàn ìjọ kan wà lẹ́yìn Ọ̀ffà, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Wọ́n ń gba akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì. Wọn kì í béèrè ìlú ẹni. Ìwé ẹ̀rí ìdánwò rẹ ni wọ́n fẹ́, àti ẹni tó lè jẹ́rìí pé o ti tọ́jú aláìsàn rí. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí ni wọn yóò dáwọ́ fọ́ọ̀mù gbígbà dúró. Èmi yóò jẹ́rìí sí ọ."

Bàbá Àáfà wúkọ́ lórí ẹní. "Ẹ ò ní bi aláìsàn náà léèrè ni?"

Àwọn mẹ́ta ló bi Àyànfẹ́ ní ìbéèrè lọ́jọ́ ìdánwò ẹnu ní ilé ìwòsàn náà. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọ̀gá wọn ní kí ó sọ ohun tó kọ́ lára aláìsàn rẹ̀.

"Mo kọ́ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ni ara ń dẹ̀, Mà. Bí Bàbá bá ti ń pa mí lẹ́rìn-ín jù, mo máa ń dẹ ọwọ́ mi."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wọn. Ìyá àgbà náà kọ nǹkan sílẹ̀.

Lẹ́tà dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà. Wọ́n ti mú un. Ìyá rẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó kúnlẹ̀ síbi tó wà láàárín àwọn aṣọ tí kò tíì rán tán, ó ń dúpẹ́. Àyànfẹ́ wọ takisí lọ sí Pàkátà. Bàbá Àáfà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, wọ́n mú mi."

"Alhamdulillah. Sábàbí ni mí, ọmọ mi. Ọlọ́hun ló ṣe é."

"Bàbá, mo bínú sí Ọlọ́run nígbà yẹn. Mo rò pé ó ti gbàgbé mi."

"Òun náà gbọ́ ọ," bàbá náà wí, "kò sì torí ẹ̀ dá iṣẹ́ dúró."

Nígbà tí Àyànfẹ́ di nọ́ọ̀sì, ó máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Tanke. Ó máa ń sọ fún wọn pé òótọ́ kì í fi gbogbo ìgbà so èso kíákíá. Òun lo oṣù púpọ̀ láìrí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ní àwọn oṣù tó dà bíi pé Ọlọ́run dákẹ́ yẹn gan-an ló ń la ọ̀nà fún òun, nílé tí òun ti lọ purọ́, lọ́wọ́ bàbá tí òun fẹ́ tàn jẹ. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run kò ní láti rí ọ̀nà dé òpin kó tó máa rìn. Kí ó sòótọ́, kí ó fi tọkàntọkàn ṣe iṣẹ́ kékeré tó bá wà níwájú rẹ̀, kí ó sì fi ìyókù lé Ọlọ́run lọ́wọ́.