Ọkọ̀ Tí Adìyẹ Ń Yé Sí

"Ẹ gbà mí o! Kí ni Sìdíkátù pọ̀n sẹ́yìn yẹn? Ṣé ọmọ ni àbí tìmùtìmù?"

Sùrájù ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ létí odò nísàlẹ̀ Ìgándó. Àwọn apẹja yòókù bú sẹ́rìn-ín. Sìdíkátù sọ àpò ńlá ẹ̀yìn rẹ̀ kalẹ̀, ó tú u, ó fa ohun pupa kan yọ tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi pọ́ǹpù fẹ́ ẹ. Fùú, fùú, fùú. Kí wọ́n tó mọ̀, nǹkan náà ti wú, ó ti di ọkọ̀ ojú omi.

Ẹ̀rín pa mọ́ wọn lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀. Ọdún Fẹ́sítáàkì ni. Owó epo ń ṣàn ní Èkó ju omi lọ nígbà yẹn. Ẹni tí ò ra mọ́tò Dátísùn ń ra rédíò, ẹni tí ò ra rédíò ń ra bàtà gogoro tó lè fi já máńgòrò láì gun igi. Ṣùgbọ́n nílé Bàbá Sàlàkọ́, bàbá Sìdíkátù, àpò kọ́ ló ń wú, orúnkún ni.

Apẹja paraku ni Bàbá Sàlàkọ́. Ó ní ojú kan láàárín odò, ó jìnnà sí èbúté, níbi tó ri òpó rẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni ẹja òbòkún máa ń wọ́ jọ sí. Òfin èbúté sì rèé: bí wọn ò bá rí ọkọ̀ onílé nídìí òpó rẹ̀ títí omi òjò fi kún, ẹlòmíì lè fa òpó náà tu, kó ri tirẹ̀ síbẹ̀. Orúnkún ò sì jẹ́ kí Bàbá Sàlàkọ́ lè wọkọ̀ mọ́. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Sùrájù ti gé òpó tuntun, ó gbé e ti ògiri ilé rẹ̀, ó ń fi epo pa á lára bí ẹni ń fi òrí pa ìyàwó tuntun lára.

Bàbá Sàlàkọ́ ò lọ́mọkùnrin. Sìdíkátù nìkan ló kù sílé, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó wà ní Fọ́ọ̀mù Fọ́ọ̀. Ó mọ ọkọ̀ tù, ó sì mọ odò wẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́. Ló bá lóun máa lọ.

"Lọ síbo?" Bàbá Abraham, olórí èbúté, ló béèrè. Aládùúrà ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bíi sùtánà rẹ̀. "Obìnrin ń dẹ ìgèrè létí omi. Obìnrin kì í lọ sáàárín."

"Ẹ dákun Bàbá, òpó bàbá mi ò sí létí omi. Àárín ló wà."

"Ọmọ yìí lẹ́nu o!"

"Ẹnu nìkan kọ́, Bàbá. Mo lápá náà."

Bàbá Abraham wò ó láti òkè délẹ̀. "Ó dáa. Òfin tó mú ọkùnrin á mú ìwọ náà. A kì í fi ọkọ̀ kékeré sílẹ̀ mọ́jú létí odò wa, omi á gbé e lọ. Ọkọ̀ kékeré tí èèyàn ò bá lè dá gbé wá látilé, kó sì dá a gbé padà, kì í ṣe ọkọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ ẹni tó bá a gbé e ni. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án bá ọ, òpó bàbá ẹ lọ nìyẹn."

Ọkọ̀ ńlá tí Bàbá Sàlàkọ́ ń lò, létí odò ló ń sùn, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ọkùnrin mẹ́ta láti tù ú, ìyẹn ò ṣeé sọ. Èyí tó kù ni ọkọ̀ kékeré kan lẹ́yìnkùlé, tí bàbá náà fi igi arère gbẹ́ nígbà èwe rẹ̀. Arère fúyẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ti dúdú, etí rẹ̀ kan ti bó, adìyẹ pupa kan sì ti sọ ọ́ di ilé, inú rẹ̀ ló ń yé sí.

Ibi tí wọ́n bá a dé nìyí tí Bùrọ̀dá Nùrẹ́nì fi wọlé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá Sàlàkọ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ó ń gbé Gowon Estate, ẹnu ṣòkòtò rẹ̀ sì fẹ̀ débi pé kò sídìí láti gbálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Sìdí, wò ó!" Ó ju àpò sílẹ̀. "Ọkọ̀ rọ́bà, ojúlówó ìlú òyìnbó! Ká a bí ẹní, gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ó parí. Ta ló tún ń ru igi láyé ìsinsìnyí?"

Bàbá Sàlàkọ́ fọwọ́ pa orúnkún. "Nùrẹ́nì, o ṣé o. Ṣùgbọ́n Sìdíkátù, ìka tó bá tọ́ símú la fi ń ro imú. Arère yẹn lèmi fi bẹ̀rẹ̀."

"Èyí tí adìyẹ ń yé sí? Háà, Bàbá!"

Tòún, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní sùkúù, tún bu epo síná. "Sìdí, tó o bá fi lè ru ọpọ́n ẹlẹ́dẹ̀ yẹn gba iwájú sùkúù wa kọjá, má pè mí lọ́rẹ̀ẹ́ mọ́ o. Pupa ni jàre! Láti Ìkòtún dé Baruwa ni wọ́n máa gbọ́ ẹ."

Sìdíkátù wo arère. Adìyẹ tó wà nínú rẹ̀ náà wò ó. Ó mú pupa.

Ẹ̀yin náà ì bá mú un. Ẹ má purọ́ fún mi.

Bó ṣe di pé ó wà létí odò lọ́jọ́ náà nìyẹn, tí ẹ̀rín pa mọ́ wọn lẹ́nu. Ó wọnú ọkọ̀ rọ́bà, ó tù ú lọ, àwọn ọmọ sùkúù tó tẹ̀ lé e ń pàtẹ́wọ́. Ó dé ìdí òpó bàbá rẹ̀. Ó ju ìwọ̀ sómi. Kò pẹ́, òbòkún gbé e mì, òbòkún tó tó apá! Sìdíkátù fà á jáde, ó yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó wá ṣe ohun tí gbogbo apẹja èbúté yẹn ń ṣe láti kékeré: ó jù ú sẹ́yìn láì wẹ̀yìn.

Ẹ mọ òbòkún. Ẹ mọ ẹ̀gún tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣííííííí!

Ẹ̀yìn ìyẹn, ọkọ̀ kọ́ ló gbé Sìdíkátù dé èbúté. Òun ló lúwẹ̀ẹ́, tó ń wọ́ ọkọ̀ bọ̀ bí aṣọ tí wọ́n fọ̀.

"Sìdíkátù!" Sùrájù di ikùn mú. "Ṣé ìwọ lo pẹja ni, àbí ẹja ló pa ọkọ̀?"

Bàbá Abraham mirí. "Ó tó. A ti rí i. Ọkọ̀ tí kò gbé èèyàn bọ̀ kì í ṣe ọkọ̀. Lọ bá ìyá ẹ dáná."

"Ọ̀la lomi òjò máa kún. Bílẹ̀ bá ti mọ́," Sùrájù sọ, "òpó mi á ti wà níbẹ̀."

Nílé, Tòún ò jẹ́ kó jókòó. "Èmi ò kúkú sọ pé dandan ni kó o mú pupa o."

Sìdíkátù ò bá a jà. Ó nu ojú, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó lé adìyẹ dìde, ó kó ẹyin rẹ̀ sínú igbá, ó sì da omi sínú ọkọ̀ arère náà. Ó dúró. Kò jò.

"Bàbá, ẹ bá mi wá òṣùká."

"Wọ́n á fi ọ́ ṣẹ̀sín o, ọmọ mi."

"Wọ́n ti ṣe é tán lónìí, Bàbá. Èyí tó kù lọ́la ò lè tó tòní."

Ilẹ̀ mọ́. Sìdíkátù da ọkọ̀ délẹ̀, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó dìde. Ó mí kanlẹ̀, ó bọ́ sọ́nà. Adìyẹ rí i pé wọ́n ń gbé ilé òun lọ, ló bá tẹ̀ lé e, ó ń ké kíkankíkan bí onílé tí wọ́n jí ẹrù rẹ̀ kó.

Wọ́n dé iwájú sùkúù. "Ọlọ́pọ́n ẹlẹ́dẹ̀!" làwọn ọmọ ń kígbe.

"Ọpọ́n ni o!" ohùn jáde lábẹ́ ọkọ̀. "Ẹ wá wò ó dáadáa, kó má bàa dùn yín lọ́la!"

Tòún ti sá sẹ́yìn igi máńgòrò. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí, ó kọjú sáwọn tó ń kígbe, ó pòṣé, ló bá sáré jáde, ó sì gbá adìyẹ mú.

"Má fọwọ́ kan ọkọ̀ o!" Sìdíkátù kìlọ̀.

"Ta ló fọwọ́ kan ọkọ̀? Òfin ò sọ̀rọ̀ adìyẹ."

Nígbà tí wọ́n dé odò, Sùrájù ti wà lójú omi, ó gbé òpó tuntun dábùú ọkọ̀ rẹ̀. Sìdíkátù dá sọ ọkọ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ó tì í sómi, ó kúnlẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì ki àjẹ̀ bọ omi. Arère fò bí ìgbà tí wọ́n sọ òkúta pẹlẹbẹ sójú odò. Òpó tí Sùrájù pa lépo ń fì í sọ́tùn-ún, ó ń fì í sósì. Sìdíkátù yà á sílẹ̀, ó dé ìdí òpó bàbá rẹ̀, ó so ọkọ̀ mọ́ ọn.

"Ẹ káàbọ̀ o, Bùrọ̀dá Sùrájù!" ló ké. "Onílé wà nílé!"

Sùrájù yí ọkọ̀ padà tòun ti òpó.

Òbòkún jẹun lọ́jọ́ náà. Sìdíkátù ń jù wọ́n sẹ́yìn láì wẹ̀yìn. Ẹ̀gún ń gún igi, igi ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan gún òun.

Nígbà tó padà, apẹ̀rẹ̀ kún, apá rẹ̀ sì ti kú tipiri. Igi tó mumi wúwo ju igi gbígbẹ lọ. Ó gbé ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó yẹ̀. Gbogbo èbúté ń wò. Bàbá Abraham ká sùtánà rẹ̀ sókè, ó rìn wá.

"Wá, ọmọ mi. Jẹ́ n gbé e rù ọ́. Mo mú òfin kúrò lónìí."

Sìdíkátù kúnlẹ̀ kí i. "Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ má mú un kúrò. Ẹja ni kí ẹ bá mi gbé."

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó dìde. Bí wọ́n ṣe gba àárín Ìgándó kọjá nìyẹn: Sìdíkátù níwájú, Tòún tó gbá adìyẹ mọ́ abíyá, àti olórí èbúté lẹ́yìn, tó ru apẹ̀rẹ̀ òbòkún.

Ẹ̀yin ọmọ sùkúù, ọjọ́ ń bọ̀ tí ayé á ní kí ẹ wá mú ọ̀kan. Ẹ má béèrè pé èwo ni wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún. Ẹ béèrè pé, "Èwo ni mo lè dá gbé lọ, tó sì lè gbé mi bọ̀?" Tí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ rù ú gba iwájú ẹlẹ́yà kọjá.

Ọkọ̀ pupa ńkọ́? Ó wà lẹ́yìnkùlé Bàbá Sàlàkọ́. Adìyẹ ló ń yé sí i báyìí. Ó ní ó rọ̀ dáadáa.