Àkọsílẹ̀ Iná Mẹ́rin

Ìgbà tí Mofolúwakẹ́ fa dísìkì náà jáde tán ni ó tó mọ̀ pé èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni òun fà.

Fèrè ẹ̀rọ náà ké. Kì í ṣe ìró kékeré tó ń dún ní ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn. Ó ké bí ọmọ tí omi gbígbóná dà sí lára. Ojú kọ̀ńpútà ṣókùnkùn, ó tún mọ́lẹ̀, ó sì kọ ọ́ sójú pẹ̀lú lẹ́tà pupa pé àwọn dísìkì ti túká, kò sí àwòrán kankan tí òun lè ṣí.

"Adéjàre," ó sọ sínú fóònù tó fi èjìká há mọ́ etí, "ó ti lọ. Gbogbo ẹ̀ ti lọ."

"Èwo lo fà?"

"Ìkejì. Ṣebí ìwọ náà gbọ́ nígbà tí mo kà á fún ọ? Ojú kọ̀ńpútà ní ti èjì ló bàjẹ́."

Adéjàre pòṣé. "Mofo! Láti orí òdo ni ẹ̀rọ yẹn ti ń kà. Òdo, ọ̀kan, èjì. Ìkẹta láti apá òsì ló yẹ kó o fà. Àbí o ò rí iná tó yí padà lára ẹ̀ ni?"

Mofolúwakẹ́ yíjú sí ẹ̀rọ náà. Kò rí iná kankan. Sẹ́lótéèpù dúdú ló bo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun fúnra rẹ̀ ló sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn.

Àwọn méjì jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù. Òkúkù ni wọ́n ti wá, Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́ṣẹ̀yìndé àti àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ìyá wọn ti kú. Wọn ò ní àwòrán rẹ̀ kankan àfi èyí tí wọ́n yà fún un níbi ìkómọ kan lọ́dún tó kọjá, tí kò sì sí ẹni tó wá gbà á títí ìyá fi lọ. Wọ́n fẹ́ fi tẹ pósítà ìsìnkú rẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé ó ti jáde?" obìnrin náà pè láti ìta. "Àwọn atẹ̀wé ń dúró dè wá o."

"Ó kù díẹ̀, mà."

 Ó yára ti dísìkì náà padà sí àyè rẹ̀.

Ìkìrun ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, kò jìnnà sí ojú irin. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Bàbá Dúródọlá ti ń ya àwòrán fún àwọn ará Ìkìrun, Inísà, Òkúkù àti Ìbà. Bí ẹnikẹ́ni bá kú ní agbègbè yẹn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn ọmọ olóògbé ń sáré wá. Lọ́dún tó kọjá ni ó kó gbogbo àwòrán náà jọ sínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, irú èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lò, tí wọ́n ń pè ní sáfà. Dísìkì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Káàdì kan tó ń jẹ́ kọ́ǹtírólà ló ń pín àwòrán sórí wọn, lọ́nà tó fi jẹ́ pé bí dísìkì kan bá kú, mẹ́ta tó kù á gbé ẹrù rẹ̀. Bí méjì bá lọ pọ̀, ó parí.

Ìyàwó rẹ̀, Àríkẹ́, bá a lọ sí Òṣogbo lọ́jọ́ tó fẹ́ rà á. Ẹnjiníà Adétóun, tó ń ta kọ̀ńpútà níbẹ̀, gbé kọ́ǹtírólà méjì síwájú wọn. Ọ̀kan kò wọ́n, ṣùgbọ́n kò ní bátìrì. Bí iná bá lọ nígbà tí àwòrán ń wọlé lọ́wọ́, ohun tó wà lọ́nà á sọnù. Èkejì ní bátìrì tó lè di ohun tó wà lọ́nà mú títí iná á fi dé. Bàbá ń wo èyí tí kò wọ́n.

"Èyí tó ní bátìrì ni kẹ́ ẹ mú, Baálé mi," ni Àríkẹ́ wí. "Ṣé Ìkìrun náà la jọ ń gbé? Àbí ẹ ti gbàgbé bí NẸ́PÀ ṣe ń ṣe wá ni?"

Èyí tó ní bátìrì ni wọ́n rà. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà dé, Bàbá fi kámẹ́rà ya fídíò Àríkẹ́ láti fi dán an wò. Ìṣẹ́jú kan péré ni fídíò náà. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó gbé kámẹ́rà kúrò lójú òun, òun ò tíì wé gèlè. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ló kú. Ó di oṣù mẹ́jọ báyìí. Kò sí ibòmíràn tí ohùn rẹ̀ kù sí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ gbogbo, kí Bàbá tó ti ṣọ́ọ̀bù, á jókòó, á wò ó lẹ́ẹ̀kan, á pa kọ̀ńpútà, á sì máa lọ sílé. Kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Nígbà tí Mofolúwakẹ́ ṣe ìdánwò WAEC tán, tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ìwé kékeré kan ni Bàbá kọ́kọ́ fún un.

"Ní àràárọ̀, wo iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin," ni ó sọ. "Aláwọ̀ ewé ló yẹ kí wọ́n jẹ́. Kọ ohun tí o bá rí síbí. Bí ọ̀kan bá yí padà, sọ fún mi lọ́jọ́ náà gan-an. Mi ò ní bi ọ́ pé ta ló ṣe é. Dísìkì ń kú bí ènìyàn ṣe ń kú."

Ọ̀rọ̀ náà ò le. Ṣùgbọ́n Adéjàre, tó ń da fíìmù sórí fóònù fún àwọn ènìyàn nítòsí gáréèjì, ti bẹ Mofolúwakẹ́ pé kó jẹ́ kí òun kó fíìmù òun sínú ẹ̀rọ náà. Bàbá sì ti kìlọ̀ pé ohun tí kì í bá ṣe àwòrán oníbàárà kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀.

"Irú àyè ńlá yẹn!" Adéjàre fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Àwòrán òkú nìkan lẹ fẹ́ máa kó sí i? Tàbí ẹ̀rù Bàbá arúgbó yẹn ló ń bà ọ́?"

Mofolúwakẹ́ gbà. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà ni iná ìkẹta yí padà di pupa rúsúrúsú, fèrè sì ń dún. Ó rò pé fíìmù ló pa dísìkì. Ó pa fèrè náà lẹ́nu mọ́, ó fi sẹ́lótéèpù dúdú bo gbogbo iná kí Bàbá má baà rí i, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé, "Aláwọ̀ ewé, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin." Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ní òwúrọ̀ yìí, tí Bàbá lọ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù fún àwọn àgbẹ̀ ní Inísà, ó fẹ́ fi dísìkì àlòkù tí Adéjàre fún un pààrọ̀ èyí tó kú, kí ọ̀rọ̀ náà lè parí sí ìkọ̀kọ̀.

Ní báyìí, kọ́ǹtírólà ń bi í ní ìbéèrè lójú kọ̀ńpútà. Ó ní òun rí dísìkì kan tó dà bí àjèjì. Ṣé kí òun gbà á padà pẹ̀lú ohun tó wà lórí rẹ̀ ni, tàbí kí òun pa ìrántí rẹ̀ rẹ́, kí òun bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun?

Mofolúwakẹ́ kà á fún Adéjàre.

"Pa á rẹ́," ni Adéjàre wí. "Bí Bàbá bá dé, sọ pé NẸ́PÀ ló mú iná lọ lójijì. Ta ló máa bi NẸ́PÀ?"

"Àwòrán àwọn ènìyàn ńkọ́?"

"Àwòrán ti lọ ná. Tara ẹ ni kó o rò."

Ó gbé ìka lé bọ́tìnnì tó máa pa á rẹ́. Kò sí ẹni tó ń wò ó. Bó bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ náà parí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé kékeré náà ṣí sílẹ̀ sí, ìlà mẹ́jọ, ìkọ̀wé tirẹ̀.

Ó gbọ́ tí obìnrin ará Òkúkù ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ níta.

"Ṣé èyí tí Màmá ti ń rẹ́rìn-ín ni, bùọ̀dá? Mo ti fẹ́ máa gbàgbé bí eyín wọn ṣe rí."

Mofolúwakẹ́ gbé ìka kúrò. Ó pa fóònù mọ́ Adéjàre lẹ́nu, ó sì pe Bàbá ní Inísà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀, sà. Iná kan ti yí padà láti ọjọ́ mẹ́jọ. Mo bò ó, mo sì purọ́ sínú ìwé. Lónìí, mo fa dísìkì tó dára yọ."



"O ti tẹ nǹkan kan?"

"Rárá, sà."

"Má tẹ nǹkan kan. Má pa á. Mo ń bọ̀."

Ọ̀kadà ló gbé e dé, kámẹ́rà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó kí àwọn ará Òkúkù kú ọ̀fọ̀ kó tó wọlé. Kò wo ojú Mofolúwakẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣí sẹ́lótéèpù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí iná rúsúrúsú fi yọ. Lẹ́yìn náà ó pe Ẹnjiníà Adétóun, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta.

"Ta ló fa dísìkì tó dára yọ?" ni Adétóun bi í.

"Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lé eku, Ẹnjiníà. Kí la máa ṣe?"

"Ó dáa tí ẹ ò pa á rẹ́, Bàbá. Bí ẹ bá pa á rẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ẹ ní kó gbà á padà pẹ̀lú ohun tó wà lórí ẹ̀."

Bàbá yíjú sí Mofolúwakẹ́. "Tẹ̀ ẹ́."

"Èmi, sà?"

"Ìwọ lo fà á jáde."

Ó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n dúró. Nígbà tó yá, orúkọ àwọn ìlú jáde lọ́kọ̀ọ̀kan lójú kọ̀ńpútà: Ìkìrun, Inísà, Òkúkù, Ìbà. Lábẹ́ gbogbo wọn ni orúkọ Àríkẹ́ wà.

"Ẹ má tíì yọ̀ o," ni Adétóun wí. "Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló fi dúró. Ọjọ́ kan náà lẹ ra gbogbo dísìkì yẹn, wọ́n lè tẹ̀lé ara wọn lọ. Ṣé ẹ ní ẹ̀dà níta?"

Bàbá ṣí àpótí tábìlì. Ó mú dísìkì kékeré kan jáde, èyí tí wọ́n ń kì bọ ara kọ̀ńpútà láti ìta. Ọ̀rá ilé iṣẹ́ ṣì wà lára páálí rẹ̀.

"Àríkẹ́ ló ní kí n rà á. Mi ò tíì ṣí i láti ìgbà tí a ti sin ín."

"Háà, Bàbá. Kọ́ǹtírólà kì í ṣe ẹ̀dà. Ó ń gbé ènìyàn kọjá lọ́jọ́ tí dísìkì kan bá kú, ibẹ̀ lagbára ẹ̀ mọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù báyìí. Mo máa fi dísìkì tuntun ránṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la."

Mofolúwakẹ́ jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ fíìmù, ó sì ka nọ́ńbà ara dísìkì Adéjàre fún un. Adétóun ní ó kéré sí àwọn yòókù, kọ́ǹtírólà ò ní gbà á láéláé. "Fíìmù kọ́ ló sì pa tàkọ́kọ́," ó fi kún un. "Dísìkì a máa kú."

Àwòrán ìyá Òkúkù ni Bàbá kọ́kọ́ mú jáde. Eyín ìyá náà hàn dáadáa. Obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó sunkún. Wọ́n lọ.

Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwòrán àwọn ìlú. Ó lọ́ra. Ẹ̀rọ náà ń gbóná. Mofolúwakẹ́ ń fi páálí fẹ́ ẹ, ojú rẹ̀ ò kúrò lára iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Bàbá," ó sọ nígbà tí Ìkìrun parí, "ẹ jẹ́ ká kó fídíò Màmá ná. Kò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, sà."

"Àwọn ènìyàn fi òkú wọn sí mi lọ́wọ́," Bàbá dáhùn. "Tèmi á dúró."

Inísà lọ. Òkúkù lọ. Oòrùn ti ń dẹ̀ kí Ìbà tó parí. Bàbá wá fi ọwọ́ kan orúkọ tó kù. Àwòrán mọ́kànlá kọjá síta. Fídíò náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó dé ìdajì.

Fèrè ké. Iná kìíní yí padà níṣojú wọn, ojú kọ̀ńpútà sì dúdú.

Wọ́n pe Òṣogbo. Adétóun sọ ohun mẹ́ta tí wọ́n lè gbìyànjú. Wọ́n gbìyànjú wọn, kò sí èyí tó ṣiṣẹ́. Ìdajì fídíò tó ti bọ́ síta kọ̀, kò ṣí.

Mofolúwakẹ́ kúnlẹ̀, ó ń sunkún. Bàbá jẹ́ kó sunkún fún ìgbà díẹ̀.

"Dìde," ó sọ. "Bí o bá sọ fún mi lọ́jọ́ kìíní, dísìkì tuntun ì bá ti dé lọ́jọ́ kejì. Àṣìṣe kọ́ ni mo bínú sí. Ọjọ́ mẹ́jọ tí o fi bò ó ni. O fi ẹ̀jẹ̀ sínú, o ń tu itọ́ funfun jáde." Ó wo páálí dísìkì kékeré náà. "Èmi náà fi páálí yẹn sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Ẹjọ́ mi wà níbẹ̀. Mú ìwé wá."

Ó mú un wá.

"Kọ tòní."

"Kí ni kí n kọ, sà?"

"Ohun tí o rí."

Ó kọ ọ́: "Iná méjì ti yí padà. Ọ̀kan ti wà bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́jọ. Èmi ni mo bò ó." Bàbá kà á, ó sì pa ìwé náà dé.

"Aago mẹ́jọ lọ́la. Má pẹ́."

Dísìkì tuntun dé láàárọ̀. Adéjàre náà pè. "Fíìmù mi ńkọ́, Mofo? Ṣé wọ́n yè?"

"Wọn ò yè," ni Mofolúwakẹ́ dáhùn. "Má sì pè mí mọ́ nítorí irú ẹ̀."

Ó ti yé e báyìí. Àṣìṣe tí ènìyàn bá tètè sọ, wọ́n lè bá a tún un ṣe. Èyí tó bá bò mọ́lẹ̀ a máa dàgbà níbẹ̀, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló sì máa ń jìyà rẹ̀ jù. Ní ọjọ́ Ẹtì gbogbo, òun ló ń ṣe ẹ̀dà síta. Ní àràárọ̀, ó ń wo iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó tó gbé bírò.

Ní ìrọ̀lẹ́, kí Bàbá tó ti ṣọ́ọ̀bù, ó ṣì máa ń jókòó síwájú kọ̀ńpútà bí ìṣe rẹ̀. Kì í tẹ nǹkan kan. Ìṣẹ́jú kan ló ń lò níbẹ̀. Mofolúwakẹ́ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò ní mi, títí ìṣẹ́jú náà á fi pé.