Ihò Tí Mùtàlíbù Kò Tètè Dí

Abẹ́ tábìlì ni Humaira ti kọ́kọ́ rí Mùtàlíbù, ní kílíníìkì kan ní Langley Park, ní Amẹ́ríkà. Wáyà kan ló ń wá.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kọ̀ǹpútà lẹ wá tún ṣe ni, àbí bàtà mi?"

"Tí bàtà náà bá kọṣẹ́, ẹ jẹ́ n mọ̀."

Ẹ̀fẹ̀ yẹn ni ìfẹ́ wọn fi bẹ̀rẹ̀. Humaira ló ń gba àwọn aláìsàn wọlé. Mùtàlíbù nìkan ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn, iṣẹ́ tó kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́, nínú ebi àti òtútù.

Nígbà tó yá, Àlájì, bàbá Humaira, ní kí àwọn ẹbí Mùtàlíbù wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé òun ní Bowie, ní Sátidé. Ó kìlọ̀ pé kí wọ́n má pẹ́. Àfẹ́sọ́nà ẹ̀gbọ́n Humaira kan ti pẹ́ dé rí, ẹnu ọ̀nà ni Àlájì ti dá a padà.

Ní Jímọ̀ tó ṣáájú, ìkìlọ̀ kan dé bá Mùtàlíbù. Wọ́n ti rí ihò nínú kẹ́nẹ́ẹ̀lì, ètò tó wà nísàlẹ̀ pátápátá tó ń darí gbogbo kọ̀ǹpútà. Ẹni tó wà lókè òkun lè gba ibẹ̀ wọlé láìní páswọ́ọ̀dù. Àtúnṣe ti jáde, ṣùgbọ́n ó ní láti pa ẹ̀rọ, kó tún un tàn, kó sì jókòó tì í. Kó má baà pẹ́ dé Bowie, ó ní kó di Sọ́ńdè. Ní Sátidé ó pa fóònù rẹ̀, kó má baà dún lápò òun níbi tí òun ti ń dọ̀bálẹ̀.

Ọjọ́ náà gan-an ni àwọn olè gba ihò náà wọlé. Wọ́n kó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn, wọ́n tú u sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ti Àlájì, tí òun náà ń gba ìtọ́jú ní kílíníìkì náà, wà níbẹ̀: ìtọ̀ tí kò lè mú dúró mọ́, ohun tí ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò mọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn kan ní mọ́sálásí fi ń bi ara wọn bí àlùwàlá rẹ̀ ṣe ń dúró. Àlájì, tí kì í kúrò ní ìlà iwájú, kò lọ kí Jímọ̀ mọ́.

Gbogbo èèyàn ń bú àwọn tó ṣe ètò náà. Ìtìjú kò jẹ́ kí Mùtàlíbù lè wo ojú Humaira nígbà tó fi oríkì rẹ̀ pè é.

"Àbẹ̀kẹ́ mi, mo rí ìkìlọ̀ náà kí a tó wá sílé yín."

Humaira sunkún. Ó ní òun ṣì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò lè fẹ́ ẹni tó máa fi irú àṣírí bẹ́ẹ̀ jókòó ti bàbá òun. Kó lọ sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Mùtàlíbù lọ sí Bowie, ó dọ̀bálẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀.

Àlájì bi í léèrè: "Bí o ṣe dọ̀bálẹ̀ níbí lọ́jọ́sí, o mọ̀ pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀?"

"Mo mọ̀, sà. Mi ò fẹ́ kí ẹ dá mi padà ni."

"O dójú tì mí." Ó nawọ́ sí i. "Dìde. Jímọ̀ tó ń bọ̀, ìwọ lo máa gbé mi lọ sí mọ́sálásí. A jọ máa dúró níwájú. Kí wọ́n máa wo àwa méjèèjì."

Ní Jímọ̀, Mùtàlíbù fi ọkọ̀ gbé Àlájì. Humaira jókòó sẹ́yìn. Lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, Mùtàlíbù kò lè gbójú sókè. Ẹnì kan bi Àlájì pé ta nìyí.

Àlájì di apá Mùtàlíbù mú. "Ọkọ ọmọ mi ni."