Ọwọ́ Òsì Àṣàbí

Àṣàbí ni orúkọ rẹ̀. Etí ọ̀sà ló ń gbé, ní Àgbádárìgì, pẹ̀lú ìyá àgbà rẹ̀ tó ń yan ẹja.

Lónìí, Àṣàbí kò fẹ́ mu ẹ̀kọ. Kò fẹ́ jẹ àkàrà pàápàá! Ta ni kì í jẹ àkàrà? Ẹni tí inú rẹ̀ bà jẹ́ ni.

Lónìí, àwọn ọmọ ilé ìwé fẹ́ sá eré ìje. Wọ́n fẹ́ fi rántí Tíṣà Ògúnṣẹ̀yẹ.

Tíṣà ti kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Tíṣà ṣe rí fún yín. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, eré ló máa ń sá. Pàà-pàà-pàà! Láti Àgbádárìgì dé Mòwó, kò sí ẹni tó lè bá a. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó gun kẹ̀kẹ́, kò bá a!

Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó di tíṣà. Ó wá ń kọ́ àwọn ọmọdé ní eré sísá lórí iyanrìn.

"Orí sókè!" ni Tíṣà máa ń ké. "Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Pàà-pàà-pàà!" ni àwọn ọmọ máa ń dáhùn.

Gbogbo wọn ló fẹ́ràn rẹ̀. Àṣàbí fẹ́ràn rẹ̀ jù.

Tíṣà kọ́ wọn bí a ṣe ń sáré, tí a sì ń gbé ọ̀pá fún ara wa. Táíwò á sáré, á gbé ọ̀pá fún Àṣàbí. Àṣàbí á sáré, á gbé ọ̀pá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Tàwàkálítù. Tàwàkálítù á wá sáré dé òpin.

"Àṣàbí, òsì ni kí o fi gba ọ̀pá," ni Tíṣà wí. "Òsì náà ni kí o fi gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Má pààrọ̀ ọwọ́ o!"

"Háà! Òsì kẹ̀, Tíṣà?"

"Òsì ni. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́."

Ṣùgbọ́n nílé, ìyá àgbà ti kìlọ̀.

"Ọmọ tó bá ń fi òsì gbé nǹkan fún ẹni tó jù ú lọ, kò lẹ́kọ̀ọ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, ìyá àgbà."

Ọjọ́ Ẹ́ḿpáyà, ọjọ́ àjọ̀dún ọba òyìnbó, dé. Àsíá ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Gbogbo ìlú ló wá wòran. Ìyá àgbà jókòó síwájú.

Táíwò sáré dé. Àṣàbí fi òsì gba ọ̀pá. Pàà-pàà-pàà! Ó ti ṣíwájú gbogbo wọn. Tàwàkálítù na ọwọ́.

Ni Àṣàbí bá rí ìyá àgbà. Háà! Ìyá àgbà ń wò mí! Ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ fi òsì gbé nǹkan fún!

Ó yára pààrọ̀ ọwọ́. Ó tilẹ̀ kúnlẹ̀! Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni.

Gbì! Ọ̀pá bọ́ sílẹ̀. Àwọn yòókù sì kọjá, fìì! fìì! fìì!

"Àṣàbí, wá," ni Tíṣà pè é. Ó fẹ́ sọ nǹkan kan fún un.

Àṣàbí kò dúró. Ojú ń tì í. Ó sá lọ sílé.

Ilé ìwé gba ìsinmi. Tíṣà lọ sí ìlú rẹ̀, ní Ìwòrò. Ó ṣàìsàn níbẹ̀, kò sì padà wá mọ́.

Àṣàbí ì bá dúró! Ì bá dúró díẹ̀, kó gbọ́ ohun tí Tíṣà fẹ́ sọ. Ṣé Tíṣà bínú sí i? Ta ni yóò sọ fún un báyìí?

Lónìí, nígbà tí Àṣàbí àti ìyá àgbà dé orí iyanrìn, ìyàwó Tíṣà ti wà níbẹ̀. Màmá Démọ́lá ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ ojú omi ló wọ̀ wá láti Ìwòrò.

Àṣàbí kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ṣé... ṣé inú bí Tíṣà sí mi?"

"Àbí ìwọ ni Àṣàbí? Ìwọ lo kúnlẹ̀ lórí eré?" Màmá Démọ́lá rẹ́rìn-ín, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. "Inú kò bí i rárá. Ó ní ẹ̀bi òun ni. Ó ní òun kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti fi òsì gbé nǹkan fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun kò sì kọ́kọ́ lọ bá ìyá àgbà rẹ̀ sọ ọ́. Ó fẹ́ wá sílé yín, tó bá ti dé. Kò wá dé mọ́."

Ìyá àgbà gbọ́.

"Ó fẹ́ wá bá mi? Háà, Tíṣà! Èmi náà ǹ bá ti lọ bi í. Mo kàn jókòó sílé, mò ń bínú sí i nítorí òsì."

Ìyá àgbà dìde. Ó na ọwọ́ sí Àṣàbí níwájú gbogbo ènìyàn.

"Gba ọ̀pá yẹn lọ́wọ́ Táíwò, kí o gbé e fún mi. Òsì ni kí o fi gbé e."

"Òsì kẹ̀, ìyá àgbà?"

"Òsì ni. Ti eré nìyẹn, kì í ṣe àrífín. Mo ti yọ̀ǹda."

Ó fi òsì gbé ọ̀pá fún ìyá àgbà. Ìyá àgbà gbà á, ó rẹ́rìn-ín, ó sì dá a padà fún Táíwò.

Fèrè dún, fíìì! Táíwò sáré. Àṣàbí fi òsì gba ọ̀pá. Pàà-pàà-pàà! Tàwàkálítù na ọwọ́.

Àṣàbí fi òsì gbé e. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ọ̀tún gbà á. Ọ̀pá kò bọ́!

Tàwàkálítù ló kọ́kọ́ dé òpin. "Ẹ káre! Ẹ káre láé!" ni gbogbo ènìyàn ń wí.

Àṣàbí fò sókè. Ó bojú wẹ̀yìn, kó wo Tíṣà. Tíṣà kò sí níbẹ̀. Ọ̀sà nìkan ló ń dún, ṣàà, ṣàà.

Àṣàbí sunkún. Ìyá àgbà fà á mọ́ra.

"Kí lo fẹ́ sọ fún un?"

Àṣàbí kọjú sí ọ̀nà Ìwòrò, ó sì kúnlẹ̀. "Tíṣà, ẹ ṣé o. Ẹ má bínú pé mi ò dúró."

Ẹ mọ̀ pé Tíṣà kéré sí ìyá àgbà púpọ̀. Àgbàlagbà kì í kúnlẹ̀ kí ọmọdé.

Ìyá àgbà káṣọ sókè díẹ̀, ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ rẹ̀.

"Tíṣà," ni ó wí, "èmi náà ní ẹ ṣé o."